Bí Dókítà Ṣe Ń Wádìí Àìlera Ọkùnrin, àti Bí Ó Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ọkùnrin tí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ kọ̀ láti dìde lálẹ́ ọjọ́ kan, bóyá nítorí pé iṣẹ́ ti tán an lókun tàbí nítorí pé ó mu ọtí yó, kò tíì ní àrùn kankan lára. Ohun tí àwọn dókítà ń kà sí àìlera ni kí ó máa ṣẹlẹ̀ léraléra fún bí oṣù 3 ó kéré tán, pé nǹkan ọmọkùnrin kò le tó èyí tí a lè fi ṣe ìbálòpọ̀, tàbí pé ó le lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó rọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti dà báyìí ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, kí ó lè mọ ohun tí yóò bá pàdé nílé ìwòsàn, ohun tí wọn yóò bi í, ìdí tí wọn yóò fi gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, àti bí a ṣe ń lo oògùn tí wọn yóò kọ fún un kí oògùn náà tó lè ṣiṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ilé ìwòsàn kọ́ ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń gbà lọ. Ìyá alágbo ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tí ń polówó mánpáwà nínú ọkọ̀ èrò, jẹ̀díjẹ̀dí sì ni àwọn méjèèjì yóò dá lẹ́bi, pé ohun dídùn ti pọ̀ jù lára. Ẹni tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí rẹ́rìn-ín kò rò ó dé ìsàlẹ̀, nítorí pé ṣúgà wà lára ohun tí láàbù sábà máa ń bá pàdé lára irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ṣúgà ti láàbù wà, òpó ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ni ó ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, agbo kò sì lè ṣàn án kúrò níbẹ̀.

Ohun tí ń mú un le

Kò sí eegun nínú nǹkan ọmọkùnrin. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń mú un le. Ọ̀wọ̀n méjì tí inú wọn rí bíi kànrìnkàn ni ó wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ọkàn ọkùnrin bá fà sí ìbálòpọ̀, tàbí bí ọwọ́ bá kàn án lára, ọpọlọ yóò ránṣẹ́ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, àwọn iṣan tí ó jẹ́ iṣẹ́ náà yóò sì tú gáàsì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ nitric oxide sílẹ̀. Gáàsì yìí ni ó ń mú kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ dẹra. Bí wọ́n bá ti dẹra, ẹ̀jẹ̀ yóò ya wọ inú kànrìnkàn méjèèjì, wọn yóò wú, wọn yóò sì tẹ àwọn òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà padà mọ́ awọ líle tí ó bò wọ́n, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti wọlé kò ní tètè rí ọ̀nà jáde. Ìwádìí lórí iṣẹ́ tí gáàsì yìí ń ṣe nínú òpó ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi fún àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad, ní ẹ̀bùn Nobel ọdún 1998.

Nítorí náà, bí dókítà bá ń wá ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, ó ní ibi mélòó kan láti yẹ̀ wò: ọpọlọ tí ó yẹ kí ó ránṣẹ́, iṣan tí ó yẹ kí ó jẹ́ iṣẹ́ náà, òpó tí ẹ̀jẹ̀ yóò gbà kọjá, họ́mónù tí ń ru ìfẹ́ sókè, àti kànrìnkàn náà fúnra rẹ̀. Ti òpó ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání jù lọ. Òpó tí ó lọ sí nǹkan ọmọkùnrin kò fẹ̀ ju bíi mìlímítà 1 sí 2 lọ, nígbà tí èyí tí ń bọ́ ọkàn-àyà tó 3 sí 4. Ọ̀rá tí ó ń lẹ̀ mọ́ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ kì í dá ibì kan yàn, gbogbo ara ni ó ń lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó tín-ín-rín jù ni yóò kọ́kọ́ fi í hàn. Ìdí nìyí tí àìlera ọkùnrin fi lè ṣáájú àrùn ọkàn-àyà ní ọdún 2 sí 5, tí dókítà tí ó mọṣẹ́ fi máa ń we ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ apá ẹni tí ó wá bá a nítorí ọ̀rọ̀ iyàrá.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan, kí ẹ gbé e dání: ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà, ti àìróorunsùn, àti ìgò agbo pẹ̀lú. Ẹ má ṣe fi èyíkéyìí pamọ́ nítorí ìtìjú, torí pé oògùn tí ó lè fa àìlera pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Irú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń mú ni tọ̀ léraléra, tí wọ́n ń pè ní thiazide, wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan lára èyí tí ń dín ìlùkìkì ọkàn-àyà kù, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, oògùn àrùn ọpọlọ, àti tramadol tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé mì kí àtọ̀ wọn má baà tètè dà. Ẹni tí ó ń lo tramadol fún ìdí yìí lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín họ́mónù tí ó yẹ kí ó gbè é lẹ́yìn kù, oògùn náà sì lè di bárakú fún un kí ó tó mọ̀.

Ẹ lọ ní òwúrọ̀ láìtíì jẹun, nítorí pé àyẹ̀wò ṣúgà fẹ́ inú òfìfo, òwúrọ̀ sì ni họ́mónù testosterone máa ń ga jù lára ọkùnrin, èyí tí ó fi yẹ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí aago 11 tó lù. Ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà nítòsí ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ohun tí wọ́n lè ṣe, wọn yóò kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà tí ó kọ́ nípa ọ̀nà ìtọ̀ àti ohun ìbímọ ọkùnrin, irú àwọn tí ó wà ní UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Bí ìyàwó bá gbà láti bá yín lọ, ó dára púpọ̀, nítorí pé òun ni ó máa ń rántí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, òun náà ni yóò sì sọ fún dókítà bí ọkọ òun bá ń hanrun, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, ohun tí ọkùnrin náà kò lè mọ̀ nípa ara rẹ̀.

Ìbéèrè tí ẹ óò dáhùn

Ẹ jẹ́ kí a fi awakọ̀ akẹ́rù ẹni ọdún 54 kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ń ná ọ̀nà Ìbàdàn sí Kánò. Ó jókòó, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún, ó ní ẹ̀yìn ni ó ń dun òun, pé ara òun kò sì yá gágá mọ́. Dókítà, tí ó lè jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀, kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn náà sílẹ̀, ó wá rọra bi í pé, "Bàbá, ilé ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin àti màmá ṣì jọ ń ṣeré?" Bàbá bojú wo ilẹ̀kùn bóyá nọ́ọ̀sì ti ń bọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dókítà, ẹ ti débẹ̀ báyìí." Báyìí ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe sábà máa ń jáde lẹ́nu àgbà. Ẹ lè gé ọ̀nà náà kúrú o: "Nǹkan ọmọkùnrin mi kò le mọ́" ti tó gbólóhùn, kì í sì í ṣe ẹnu yín ni dókítà yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ìbéèrè kan wà tí ó lè dà bí eré lójú yín, ṣùgbọ́n tí ó ń la ọ̀nà fún dókítà: "Bí ẹ bá jí ní ìdájí, ṣé ó máa ń dìde fúnra rẹ̀?" Nǹkan ọmọkùnrin ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń le bí ìgbà 3 sí 5 lóru, lójú oorun, láìjẹ́ pé ó ronú obìnrin kankan. Bí ó bá ń le ní ìdájí ṣùgbọ́n tí ó ń rọ̀ níwájú ìyàwó, a jẹ́ pé òpó ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ṣì ń ṣiṣẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí ìdààmú ọkàn, gbèsè, ìjà inú ilé, tàbí ẹ̀rù pé "ó tún máa já mi kulẹ̀" wà nídìí rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, bí ó bá ṣẹlẹ̀ níbì kan tí kò sì ṣẹlẹ̀ níbòmíràn, ìdáhùn kan náà ni ó ń tọ́ka sí. Èyí tí ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì, tí líle ìdájí náà sì bá a lọ, ara ni a ó ti wá ìdí rẹ̀. Awakọ̀ wa dáhùn pé, "Ìyẹn? Ó ti tó ọdún kan tí mo rí i kẹ́yìn." Dókítà kò sọ nǹkan kan, ó kàn fa ìlà sábẹ́ ohun tí ó kọ.

Wọ́n tún lè fún yín ní ìwé ìbéèrè 5 kan tí àwọn dókítà ń lò káàkiri ayé, tí ń bèèrè bí ọkàn yín ti balẹ̀ tó pé yóò le, bí ó ṣe ń le tó, bóyá ó ń dúró lẹ́yìn tí ó bá wọlé, bí ó ti nira tó láti mú un dúró dópin, àti bí ìbálòpọ̀ náà ṣe ń tẹ́ yín lọ́rùn. Máàkì 25 ni ó pé. Ẹni tí ó gba 22 sókè kò ní àìlera. 17 sí 21 jẹ́ díẹ̀. 12 sí 16 ti kọjá díẹ̀. 8 sí 11 jẹ́ ti àárín. 5 sí 7 sì le gan-an. Ẹ dáhùn bí ó ti rí, ẹ má ṣe dáhùn bí ẹ ti fẹ́ kí ó rí, nítorí pé máàkì yìí ni wọn yóò fi wọn ìtọ́jú yín nígbà tí ẹ bá padà wá. Awakọ̀ wa gba 9.

Dókítà yóò tún fẹ́ mọ irú àìlera tí ó jẹ́ gan-an, nítorí pé a máa ń da mẹ́rin pọ̀ mọ́ ara wọn lábẹ́ orúkọ kan. Ẹnì kan lè wà tí nǹkan rẹ̀ ń le dáadáa ṣùgbọ́n tí àtọ̀ rẹ̀ ń tètè dà. Ti ẹlòmíràn ni pé ọkàn rẹ̀ kò fà sí ìbálòpọ̀ rárá, èyí tí ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ họ́mónù. Ẹnì kẹta ń dé òpin láìrí àtọ̀, torí pé inú àpòòtọ̀ ni àtọ̀ náà ń padà sí, bí ó ti máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan tí wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ próstéètì, ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ àpòòtọ̀ ọkùnrin. Ẹ̀kẹrin ni líle tí kò tó, èyí tí à ń sọ bọ̀. Ìtọ́jú wọn kò papọ̀, ẹni tí ó bá sì lọ ra oògùn ẹ̀kẹrin fún ti èkejì kàn ń náwó dànù ni.

Àyẹ̀wò ara àti ti ẹ̀jẹ̀

Lẹ́yìn ìbéèrè, wọn yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín àti ìbú ikùn yín, wọn yóò wò bóyá ọmú ń yọ láyà yín, wọn yóò fọwọ́ ba kóró ẹpọ̀n bóyá ó ti kéré jù, wọn yóò sì tẹ nǹkan ọmọkùnrin gan-an wò bóyá ibì kan ti yi nínú rẹ̀, èyí tí ó máa ń mú kí ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ó bá le. Wọ́n lè wá ìlùkìkì ẹ̀jẹ̀ lórí ẹsẹ̀ yín. Wọ́n tún lè fi ìka tí ó wọ ìbọ̀wọ́ yẹ próstéètì wò láti ojú ihò ìdí. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ti láàbù kò pọ̀: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìjẹun, HbA1c tí ń sọ bí ṣúgà ti rí láti bí oṣù 3 sẹ́yìn, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ kíndìnrín, àti testosterone òwúrọ̀. Ṣúgà tí ó bá tó 126 mg/dL láìjẹun, tàbí HbA1c tí ó tó 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ni a ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, bí àyẹ̀wò kejì bá jẹ́rìí sí i. Testosterone tí kò tó 300 ng/dL ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń kà sí èyí tí ó kéré, wọn kì í sì í gba ti ẹ̀ẹ̀kan gbọ́; òwúrọ̀ ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Bí ó bá kéré lóòótọ́, wọn yóò tún wo prolactin àti LH, họ́mónù méjì tí ó ń ti inú orí wá, láti mọ̀ bóyá orí ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ tàbí kóró ẹpọ̀n.

Síkáànù tí ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré wà pẹ̀lú. Wọn yóò gún nǹkan ọmọkùnrin lábẹ́rẹ́ tí yóò mú un dìde, wọn yóò sì wọn eré ẹ̀jẹ̀ nínú òpó rẹ̀. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀jẹ̀ tí ń wọlé kò tó. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ó farapa ní ìbàdí, ẹni tí nǹkan rẹ̀ tẹ̀, tàbí ẹni tí ó ń múra fún iṣẹ́ abẹ ni èyí wà fún. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó síkáànù ńlá kí wọ́n tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín rárá, ẹ bi í ní ìdí rẹ̀.

Èsì ti awakọ̀ wa dé: ẹ̀jẹ̀ ríru 158/96, ṣúgà láìjẹun 171, HbA1c 8.4, testosterone 410. Họ́mónù rẹ̀ pé. Kò mọ̀ pé òun ní ìtọ̀ ṣúgà títí di ọjọ́ yẹn; òǹgbẹ tí ń gbẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, oòrùn ni ó kà á sí.

Ìtọ́jú

Ohun tí ó fa á ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú. Wọn yóò fún un ní oògùn ṣúgà, wọn yóò pààrọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ń rà ní gáréèjì sí irú mìíràn tí kì í sábà dí ọkùnrin lọ́wọ́, wọn yóò sì ní kí ó jáwọ́ nínú sìgá, nítorí pé sìgá ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ìrìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 150 láàárín ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ran ọkàn-àyà lọ́wọ́ náà ni ó ń ran ibẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ má ṣe fúnra yín dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí pé ẹ kà á níhìn-ín pé ó lè fa àìlera. Rọpárọsẹ̀ kì í dúró de ẹni tí ń dán nǹkan wò.

Lẹ́yìn èyí ni oògùn oníhóró. Sildenafil, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Viagra, jáde láti ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ìwádìí ilé-iṣẹ́ Pfizer ní ìlú Sandwich ní England, àwọn tí ń wá oògùn àyà dídùn. Oògùn náà kò ṣe dáadáa tó fún àyà, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi dán an wò ṣàkíyèsí nǹkan mìíràn. Ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1998 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dí èròjà kan tí ń yára pa iṣẹ́ nitric oxide rẹ́ lọ́wọ́, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń pẹ́ níbi tí ó dé. Nítorí náà, bí kò bá sí ìfẹ́ àti ìfọwọ́kàn tí yóò tú gáàsì náà sílẹ̀, oògùn kò rí nǹkan tí yóò gbè lẹ́yìn. Ẹni tí ó gbé e mì tí ó wá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, tí ó ń retí kí ó dìde fúnra rẹ̀, yóò sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Ọ̀pọ̀ tí ó ń sọ pé "kò ṣiṣẹ́ fún mi" ni kò lò ó bí ó ti yẹ. Mílígíráàmù 50 ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè rọ̀ ọ́ sí 25 tàbí kí wọ́n gbé e dé 100. Bíi wákàtí kan ṣáájú ni a ń lò ó, kí inú ṣófo tàbí kí oúnjẹ jẹ́ fúyẹ́fúyẹ́. Bí ẹ bá jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ẹ̀gúsí tí epo ń ṣàn lójú rẹ̀ tán kí ẹ tó gbé e mì, epo náà yóò fà á sẹ́yìn, agbára rẹ̀ yóò sì dín kù. A kì í lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ dán an wò bí ìgbà 6 sí 8 ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó pè é ní èyí tí kò wúlò, nítorí pé ẹ̀rù ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan tó láti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Tadalafil, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2003, yàtọ̀ ní ti pé agbára rẹ̀ lè wà lára títí di wákàtí 36, oúnjẹ kì í sì í dí i lọ́wọ́. Mílígíráàmù 10 sí 20 ni ti ìgbà tí a bá nílò rẹ̀, tàbí 5 lójoojúmọ́, èyí tí ó tún ń ran ẹni tí próstéètì ń dí ìtọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Orí fífọ́, ojú tí ń gbóná, imú dídí àti inú tí kò balẹ̀ ni ìyọnu tí ó wọ́pọ̀. Ẹ̀yìn lè ro ẹni tí ó lo tadalafil.

Ibi tí ikú wà nìyí, kí ẹ kà á dáadáa. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn àyà tí wọ́n ń pè ní nitrate, bí irú èyí tí à ń fi sábẹ́ ahọ́n tàbí èyí tí à ń fín sẹ́nu, kò gbọdọ̀ lo ìkankan nínú àwọn oògùn wọ̀nyí, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru lè já wálẹ̀ lójijì débi pé ẹni náà kò ní jí mọ́. Bí àyà bá dùn yín lẹ́yìn tí ẹ lo oògùn ọkùnrin, ẹ sọ ọ́ fún àwọn tí ó bá gbà yín sílé ìwòsàn, kí wọ́n má baà fún yín ní nitrate: kò gbọdọ̀ wọlé títí wákàtí 24 yóò fi kọjá lẹ́yìn sildenafil, àti 48 lẹ́yìn tadalafil. Ẹni tí ń lo oògùn próstéètì bíi tamsulosin náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí ìríran bá kúrò lójú kan lójijì, ẹ má ṣe lò ó mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ. Fún ẹni tí kò mọ̀ bóyá ọkàn-àyà rẹ̀ lè gbé ìbálòpọ̀, dókítà lè bi í bóyá ó lè gun àtẹ̀gùn àjà méjì kíákíá láìsí àyà dídùn.

Ó ṣeni láàánú pé ẹni tí ó sá fún oògùn dókítà lè máa mu ún nínú agbo láìmọ̀. Léraléra ni FDA, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti bá sildenafil nínú àwọn ohun tí wọ́n ń tà bí ewé àti egbò lásán, láìkọ ọ́ sára páálí, láìsí ẹni tí ó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ọ̀dọ̀ apòògùn tí ó ní ìwé ẹ̀rí ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC ara rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ testosterone kò wà fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí tirẹ̀ kéré ní àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀mejì, tí ó sì ní àmì àìsàn náà lára, nìkan ni ó ń ràn lọ́wọ́. Ẹni tí ó ṣì fẹ́ bímọ kò gbọdọ̀ gbà á láìsọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé testosterone tí ó bá ti ìta wọlé máa ń mú kí kóró ẹpọ̀n jókòó jẹ́ẹ́, kí àtọ̀ má ní irúgbìn nínú mọ́. Mo ti gbọ́ kí wọ́n máa ta á fún ọ̀dọ́kùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Ìwà ìkà ni.

Bí ó bá jẹ́ pé àtọ̀ ni ó ń tètè dà, láàárín bí ìṣẹ́jú kan láti ìgbà tí ó ti dàgbà, tàbí tí ó wá já sí bíi mẹ́ta tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ń pẹ́ tẹ́lẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀. Wọn yóò kọ́ yín ní ìdúró-àti-ìtẹ̀síwájú, kí ẹ máa dá dúró bí ẹ bá ti fẹ́ débẹ̀, kí ara rọlẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìpara tí ń mú ara kú díẹ̀ wà, èyí tí a ń nù kúrò tàbí kí a lo kọ́ńdọ̀mù kí ara ìyàwó náà má baà kú. Oògùn bíi paroxetine lójoojúmọ́, tàbí dapoxetine mílígíráàmù 30 ní wákàtí 1 sí 3 ṣáájú, wà lábẹ́ àṣẹ dókítà. Fún ẹni tí ó ní méjèèjì, líle ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú, torí pé ẹni tí ń bẹ̀rù pé ó lè rọ̀ máa ń sáré ni.

Níbi tí ìdààmú ọkàn bá ti jẹ́ gbòǹgbò, olùgbaninímọ̀ràn lè ní kí tọkọtaya má ṣe ní ìbálòpọ̀ rárá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n kàn máa fọwọ́ ra ara wọn lára láìfi ojú sọ́nà fún líle, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì, William Masters àti Virginia Johnson, ni wọ́n sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó dà bí ẹni pé wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa, ṣùgbọ́n ìdánwò tí ń ba ọkùnrin náà lẹ́rù ni wọ́n gbà kúrò níwájú rẹ̀.

Bí oògùn oníhóró bá kọ̀, ọ̀nà kò tíì dí. Ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ wà, tí ń fa ẹ̀jẹ̀ wọlé, tí a sì ń fi òrùka dè é nídìí. Òrùka náà kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Abẹ́rẹ́ kékeré tí ọkùnrin lè kọ́ láti gún ara rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ nǹkan ọmọkùnrin wà pẹ̀lú, kò sì dun tó bí a ti ń rò ó. Ní Las Vegas lọ́dún 1983, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Giles Brindley, gún ara rẹ̀ ní irú rẹ̀ ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, ó wá sọ ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀ níwájú àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Ti ìkẹyìn ni iṣẹ́ abẹ, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá tí a lè fẹ̀ pẹ̀lú omi sínú rẹ̀. Ó ti wà láti ọdún 1973, ó wọ́n, kò sì ṣeé dá padà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ohun kan tún kan àwa gan-an, níbi tí jíínótáìpù SS ti pọ̀. Nǹkan ọmọkùnrin ẹni tí ó jẹ́ SS lè dìde láìsí ìfẹ́ kankan, kí ó máa dùn ún, kí ó sì kọ̀ láti rọ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bíi dòjé ti dí ọ̀nà àbájáde. Àwọn ọmọkùnrin kì í fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá wọn, wọ́n á fi aṣọ bò ó mọ́ra títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ó bá ti kọjá wákàtí 4, yálà ẹ̀jẹ̀ ni ó fà á tàbí oògùn, pàjáwìrì ni. Kànrìnkàn inú rẹ̀ ń kú lọ, ẹni tí kò bá sì tètè dé ilé ìwòsàn lè má rí i kí ó tún le mọ́ láyé rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ SS gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó kọ sildenafil fún un.

Ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, awakọ̀ wa padà, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti sọ̀ kalẹ̀ sí 136/84, ṣúgà òwúrọ̀ sì jẹ́ 128. Ó ní sildenafil tí wọ́n kọ fún òun ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì péré nínú ìgbà márùn-ún. Dókítà bi í ní ìgbà wo ni ó ń jẹun, ìyàwó rẹ̀ ni ó sì dáhùn: "Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n máa ń wọlé, dókítà, ẹ̀bà ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ béèrè." Wọn kò fi kún oògùn náà. Dókítà pààrọ̀ rẹ̀ sí tadalafil, ó ní kí ó máa lò ó ní ìrọ̀lẹ́, ó sì dá oṣù kan àbọ̀ mìíràn fún un, láti tún ìwé ìbéèrè márùn-ún náà dáhùn àti láti tún HbA1c yẹ̀ wò.